Ẹ má tíì wó fẹ́ǹsì ilé àtijọ́ nítorí ṣọ́ọ̀bù

Bí èèyàn bá ní ilé lójú títì, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí i lọ́kàn ni pé kó wó fẹ́ǹsì iwájú ilé náà, kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta síbẹ̀. Bó ṣe rí ní Iwopin létí ọ̀sà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Àgó-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìparí ọ̀sẹ̀ táwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ò sí lẹ́nu iṣẹ́ niṣẹ́ náà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bíríkìlà á dé, wọ́n á já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, àmọ́ kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ àmì X sára ògiri tuntun.

Ọ̀nà méjì lẹni tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ti pàdánù. Owó búlọ́ọ̀kù ti lọ, ọjà tó fẹ́ tà ò sì ríbi dúró sí. Bó bá wá jẹ́ pé ilé tí ìjọba ti kéde pé ó ní ìtàn ni fẹ́ǹsì ọ̀hún yí ká, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òfin ọdún 1979 ló dá NCMM sílẹ̀, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí ilẹ̀ wa. Àjọ yìí lágbára láti kéde ilé tàbí ibi kan gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Bí wọ́n bá ti kéde rẹ̀, onílé ò lè dá wó o tàbí kó yí i padà láìgba àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ni ín. Ní ti ìwé àṣẹ ilé kíkọ́, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ lọ́dún 2003 pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni àṣẹ lórí ètò ìlú. Èkó ṣe òfin tirẹ̀ lórí àwọn ibi tó ní ìtàn lọ́dún 2011. Ẹni tó wà ní Iwopin, ọ́fíìsì ètò ìlú ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ló ń lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ilojo Bar l'Ékòó fi hàn pé òfin nìkan ò tó. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ilé Àgùdà yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede Tinúbú. Ìdílé Fernandez ló ni ín kí Alfred Omolana Olaiya tó rà á lọ́dún 1933. Lọ́dún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló kẹ́dùn ilé náà, àmọ́ ó yẹ ká gbọ́ tẹnu onílé pẹ̀lú. Ẹni tó ní ilé àtijọ́ láàárín ọjà ń rí báwọn aládùúgbò ṣe ń gbowó ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí òrùlé tirẹ̀ ń jò. Òfin ní kó má fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ta ni yóò sanwó àtúnṣe? Bí kò bá sí èsì sí ìbéèrè yìí, òòlù ló máa ń dáhùn.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ Èkó nìkan lèyí, kó wo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Fẹ́ǹsì tó tóbi jù níbẹ̀ ni Erédò Sùǹgbọ́, yàrà àti odi amọ̀ tó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tó sì ga tó 20 mítà níbòmíràn. Ó ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà dárúkọ fún UNESCO láti ọdún 1995, àmọ́ ọ̀nà, oko àti ilé ti jẹ lára rẹ̀.

Òṣogbo ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà táwọn tó ń wá ilẹ̀ ń yọ́ wọ igbó Ọ̀ṣun, Susanne Wenger àtàwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí mọ ògiri àti ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi iṣẹ́ ọnà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ìjọba kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí lọ́dún 1965, ó sì kéde gbogbo hẹ́kítà 75 rẹ̀ lọ́dún 1992. UNESCO gbà á wọlé lọ́dún 2005. Lónìí, bí ọdún Ọ̀ṣun bá dé nínú oṣù kẹjọ, olóúnjẹ, aláṣọ, onímọ́tò àti onílé ìtura ló ń pawó. Fẹ́ǹsì tí wọn ò wó ló ń mówó wọlé fún wọn.

Kí ni kí oníṣòwò ṣe? Bó bá jẹ́ ilé ẹbí, kó kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda olórí ẹbí àtàwọn àgbà ilé, torí ẹnì kan ò lè dá fọwọ́ kan ogún gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, kó ya fọ́tò fẹ́ǹsì náà, kó mú un lọ pẹ̀lú ìwé súféè sí ọ́fíìsì ètò ìlú, kó sì bèèrè bóyá ìjọba ti kéde ilé tàbí àdúgbò náà. Kó má ra búlọ́ọ̀kù títí ìwé àṣẹ yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Kò sì di dandan kó wó gbogbo rẹ̀. Ó lè bèèrè àṣẹ láti ṣí ẹnu ọ̀nà kan sára fẹ́ǹsì, kó gbé ìsọ̀ onípákó tó ṣeé ká kúrò sínú ọgbà. Bó bá jẹ́ ògiri amọ̀, amọ̀ ni kó fi tún un ṣe. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí omi inú amọ̀ ráyè jáde, bó bá sì yá, ògiri á máa bó.

Èèyàn lè tún owó búlọ́ọ̀kù rí. Ilé tó ti lo ọdún 161 l'Ékòó kò ṣeé rà padà mọ́. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.