Ṣé Kí A Pa Ọ́ìlì Ọkọ̀ Wa Dà sí Síńtẹ́tíìkì?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ra Sienna tàbí bọ́ọ̀sì tí a fi ń kó ata, tòmátì àti àlùbọ́sà, tí ọmọ wa tàbí dẹ́rẹ́bà ń bá wa wà. Ìbéèrè tó ń jà ràn-ìn nílẹ̀ nìyí: ṣé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí à ń lò látijọ́ ni ká máa bá lọ, àbí èyí tí wọ́n kọ Fully Synthetic sí lára kẹ́ẹ̀gì, tí owó rẹ̀ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa? Mẹ́káníìkì á ní ẹ má dán an wò, pé ó máa ń jẹ síìlì, pé ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jo. Dẹ́rẹ́bà á ní òun gan-an ni kí ẹ rà, pé ẹ ò ní pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn méjèèjì mú òótọ́ díẹ̀ dání, ṣùgbọ́n àsọdùn ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Inú epo rọ̀bì tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ni ọ́ìlì àtijọ́ ti wá. Wọ́n á sè é, wọ́n á yọ pẹtiróòlù, kẹrosíìnì àti dísẹ́ẹ̀lì kúrò, wọ́n á wá fọ èyí tó wúwo tó kù. Mínírà ni àwọn mẹ́káníìkì ń pè é, kì í ṣe mínírà tí à ń mu o! Bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó, àwọn èérún inú rẹ̀ kì í dọ́gba: ńlá wà níbẹ̀, kékeré wà níbẹ̀, ìda díẹ̀ náà wà níbẹ̀, bíi gààrí tí a kò jọ̀. Síńtẹ́tíìkì ní tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti to èérún rẹ̀ pọ̀, tàbí kí wọ́n mú ọ́ìlì epo rọ̀bì náà, kí wọ́n tún un ṣe lọ́nà líle tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di nǹkan mìíràn. Ọ̀nà kejì yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn tó ń ta ọ́ìlì, àfìgbà tí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìpolówó ọjà níbẹ̀ gbà ní 1999 pé wọ́n lè pe òun náà ní síńtẹ́tíìkì. Èyíkéyìí tí wọ́n bá lò, èérún rẹ̀ á dọ́gba bíi gààrí tó gba inú kọ̀ǹkọ̀sọ̀ jáde. Kì í sì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ọdún 1974 ni Mobil 1 ti jáde sọ́jà. Èyí tí wọ́n bá kọ Semi-Synthetic sí, àdàlù ni, ẹ ò sì lè fi ojú mọ iye síńtẹ́tíìkì tó wà níbẹ̀.

Kí ni dídọ́gba yẹn wá ń ṣe fún wa? Àwa tí à ń dín àkàrà mọ ohun tí iná ń ṣe sí òróró. Lọ́jọ́ kìíní ó mọ́ rekete. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ó ti dúdú, ó ti ki, ó ń rùn, ó sì ń yọ èéfín kó tó gbóná dáadáa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì. Iná ń sè é, afẹ́fẹ́ ń bà á jẹ́, àwọn èérún kéékèèké á gbẹ lọ, èyí tó kù á máa ki, títí yóò fi di ẹrẹ̀ dúdú tó lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì bí ọ̀dà. Síńtẹ́tíìkì máa ń fara da ìyà yìí pẹ́ ju mínírà lọ. Ní ilẹ̀ òtútù, ohun tí wọ́n fi ń yìn ín ni pé kì í dì láàárọ̀ bí epo pupa ṣe ń dì nígbà ọyẹ́. Níbí, ooru ni ẹjọ́ tiwa. Ọkọ̀ tó kó ẹrù dé òrùlé, tó wá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún wákàtí mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jó, táyà rẹ̀ kò yí, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kò fẹ́ sí i lára.

Ẹ jẹ́ kí n fi Sienna ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Sienna àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ṣe láti 1998 sí 2002, wà lára àwọn ọkọ̀ tí ọ́ìlì máa ń dì nínú ẹ́ńjìnnì wọn tí wọn kò bá tètè pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 2002 Toyota ṣètò fún àwọn tó ni ọkọ̀ wọ̀nyí ní Amẹ́ríkà pé àwọn á bá wọn tún un ṣe. Àkókò ètò yẹn ti kọjá, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà ṣì wà lójú títì wa. Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí, tí inú rẹ̀ ṣì mọ́, èmi ò rò pé owó síńtẹ́tíìkì ṣòfò lórí rẹ̀. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá inú rẹ̀ mọ́, ẹ ní kí mẹ́káníìkì ṣí ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí lójú yín, kí ó tan iná sí i. Tí ẹ bá rí irin tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó dára. Tí ẹ bá rí ẹrẹ̀ dúdú tó dì bí ẹ̀kọ, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ní ti síìlì tí mẹ́káníìkì ń sọ, irọ́ kọ́ ló ń pa. Ní àwọn ọdún 1970, síńtẹ́tíìkì tó kọ́kọ́ jáde máa ń mú kí síìlì sún kì, ọkọ̀ a sì máa jo. Wọ́n ti tún ìyẹn ṣe tipẹ́tipẹ́. Ohun tó ṣì lè ṣẹlẹ̀ lónìí ni pé kí síìlì ọkọ̀ àtijọ́ ti gbó, kí ó ti là, kí ẹrẹ̀ dúdú sì ti dí ojú ibi tó là. Ọ́ìlì tuntun tó mọ́ á fọ ẹrẹ̀ náà kúrò, ibẹ̀ á wá máa kán tó-tó-tó. Ọ́ìlì kọ́ ló dá ihò yẹn lu. Ihò ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o ni ọkọ̀ lo máa sanwó síìlì, nítorí náà ó yẹ kí o mọ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ tó bá wá ń yọ èéfín búlúù, tí ẹ ń bu ọ́ìlì kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi owó síńtẹ́tíìkì yín sápò. Ríìngì rẹ̀ ló ti jẹ, kò sì sí ọ́ìlì tó lè dá irin tó ti jẹ padà. Àwọn Camry 2007 sí 2009 tó ní ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin, èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle, a mọ̀ wọ́n mọ́ jíjẹ ọ́ìlì báyìí. Ọ́ìlì olówó ńlá ni yóò kàn máa sun bí ó ṣe ń sun ti olówó pọ́ọ́kú. Mínírà tó dára, tí ẹ tètè ń pààrọ̀, ni kí ẹ máa fún un títí tí ẹ ó fi rí owó tún ẹ́ńjìnnì ṣe.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì ń dà pọ̀: wọ́n rò pé síńtẹ́tíìkì ló ń mú kí ọ́ìlì ṣàn bí omi. Rárá o. Nọ́ńbà ara kẹ́ẹ̀gì ló ń sọ ìyẹn. Ẹ wo 5W-30: nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà òtútù, èyí tó kẹ́yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Síńtẹ́tíìkì tó ki wà, irú bíi 15W-50. Mínírà tó fúyẹ́ náà wà. Nítorí náà, tí ẹ bá ń pa á dà, nọ́ńbà tí ìwé ọkọ̀ sọ ni kí ẹ rà. Lára ọ̀pọ̀ Toyota wọ́n kọ ọ́ sórí ìdérí ọ́ìlì gan-an. Ẹ tún wo lẹ́tà API: èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S, ti ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ni, C sì ni ti dísẹ́ẹ̀lì. Bí lẹ́tà kejì bá ṣe jìnnà sí A tó ni ọ́ìlì ṣe jẹ́ tuntun tó. SF wà fún ọkọ̀ tí kò kọjá 1988, SP jáde ní 2020, SQ sì dé ní 2025. Ẹni tó bá ń ta SF fún yín pé kí ẹ dà á sí Sienna, ẹ rọra dá a lóhùn pé ẹ ò rà.

Bí a ṣe ń pa á dà kò le. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀, kí wọ́n gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí wọ́n tú ọ́ìlì àtijọ́ títí tí kò fi ní kán mọ́, kí wọ́n sì fi fílítà tuntun sí i. Ọ́ìlì àtijọ́ díẹ̀ tó kù ní kọ̀rọ̀ kò ní ṣe é ní nǹkan, nítorí àwọn méjèèjì lè dà pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ̀ jálẹ̀ ni dísẹ́ẹ̀lì tàbí kẹrosíìnì tí àwọn kan máa ń dà sínú ẹ́ńjìnnì láti fi fọ̀ ọ́. Ó máa ń hú ẹrẹ̀ níṣùpọ̀, ìṣùpọ̀ náà á lọ dí asẹ́ tó wà nísàlẹ̀, ọ́ìlì kò ní lè gòkè mọ́, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́kì. Tí inú rẹ̀ bá dọ̀tí, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fọ̀ ọ́: ẹ tú ọ́ìlì àti fílítà ní nǹkan bíi kìlómítà 2,000, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mínírà tó dára tó fún iṣẹ́ yìí. Tó bá mọ́ tán, ẹ wá ra síńtẹ́tíìkì. Ẹ sì mọ iye tí ọkọ̀ ń gbà. Sienna àtijọ́ títí dé ti 2006 ń gba nǹkan bíi lítà 4.7 pẹ̀lú fílítà, ti 2007 sí 2010 sì ju lítà 6 lọ. Kẹ́ẹ̀gì lítà 4 kan ṣoṣo kò tó. Kí ẹ fa géèjì ọ́ìlì wò fúnra yín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn láti Èkó, tó ń bọ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, yóò rin nǹkan bíi kìlómítà 750. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje, 5,000 ti pé, mínírà gbọ́dọ̀ kúrò. Síńtẹ́tíìkì lè dé 10,000 lójú ọ̀nà tó dán, ṣùgbọ́n pẹ̀lú eruku, ẹrù àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tiwa, èmi á ní kí ẹ dúró ní 7,500. Ó fi hàn pé nínú 15,000, ẹ ó pààrọ̀ mínírà lẹ́ẹ̀mẹta, síńtẹ́tíìkì lẹ́ẹ̀mejì. Tí síńtẹ́tíìkì bá jẹ́ ìlọ́po méjì owó mínírà, ẹ ó ná owó mẹ́rin níbi tí ẹ ò bá ti ná mẹ́ta. Ẹ ó fi fílítà kan, owó iṣẹ́ kan àti ọjọ́ kan tí ọkọ̀ kò fi ní jókòó sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì dín in kù. Nítorí náà, kì í ṣe orí ọ́ìlì lẹ ti máa jèrè. Ẹ́ńjìnnì tó pẹ́ ni èrè ibẹ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì le. Ẹni tí kò lágbára rẹ̀ tó ń lo mínírà, tí kì í jẹ́ kí 5,000 kọjá, ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ ju ẹni tó ra síńtẹ́tíìkì tó wá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ lọ.

Gbogbo ìṣirò yìí dà nù tí ọ́ìlì bá jẹ́ fàyàwọ́. Àwọn kan ń ṣa kẹ́ẹ̀gì òfo, wọ́n ń sẹ́ kọ̀ńdẹ́ḿ ọ́ìlì sínú rẹ̀, wọ́n sì ń tà á bíi tuntun. Bí ọ́ìlì ṣe wọ́n tó ni wọ́n ṣe ń fẹ́ràn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ tó. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ wo ìdérí bóyá wọ́n ti já a rí, kí ẹ wá àmì MANCAP ti àjọ SON lára èyí tí wọ́n bá ṣe ní Nàìjíríà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì tú ọ́ìlì tán, kí ẹ tó fi ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì sílẹ̀, ẹ gba kẹ́ẹ̀gì òfo yẹn, kí ẹ fi ọ̀bẹ là á sí méjì.