Ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò tó sọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì di òwò

Ẹ wo oníbúrẹ́dì kan tó jẹ́ pé ojú fèrèsé kan ṣoṣo ló ti ń tajà fún gbogbo ìlú. Lọ́jọ́ tí èrò bá ya dé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó wà lẹ́yìn á bínú lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, òkìkí tó yẹ kó mú owó wá á sì di àdánù. Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ àwọn tó ní ojú òpó lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí ní nǹkan bí ọdún 1995. Kọ̀ǹpútà kan níbì kan ló ń dá gbogbo ayé lóhùn, bí èrò bá sì ti pọ̀ jù, ó dákú nìyẹn.

Ẹni tó wá ojútùú sí i kì í ṣe oníṣòwò. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣirò ni Tom Leighton, tí wọ́n bí lọ́dún 1956. Ọdún 1981 ló gboyè ọ̀mọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ibẹ̀ náà ló sì ti di olùkọ́. Ohun tó ń fi ìṣirò wádìí ni bí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe lè jọ pín iṣẹ́ ṣe láì dí ara wọn lọ́nà. Ta ni ì bá rò pé òwò wà nínú ìyẹn?

Lọ́dún 1995, Tim Berners-Lee tó dá Wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, tóun náà wà ní MIT, kìlọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ máa tó dí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì pa. Leighton gba iṣẹ́ náà yẹ̀ wò, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Danny Lewin, sì wá dara pọ̀ mọ́ ọn.

Àbá wọn ni pé kí ẹ̀dà ọjà wà nítòsí oníbàárà, bí oníbúrẹ́dì ṣe ń kó tirẹ̀ fáwọn alátùntà ní àdúgbò gbogbo. Ó rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa mọ ṣọ́ọ̀bù tí ọjà kọ̀ọ̀kan wà, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, táwọn kan ń tì, táwọn mìíràn ń ṣí? Lábẹ́ ìlànà àtijọ́, bí ẹyọ kan bá tì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọjà ni wọ́n máa tún tò. Ọ̀nà ìṣirò tí Leighton, Lewin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde lọ́dún 1997 mú kó jẹ́ pé kìkì ọjà inú ṣọ́ọ̀bù tó tì ni wọ́n máa pín fáwọn tó kù.

Gbèsè wà lọ́rùn Lewin, wọ́n bá gbé àbá náà lọ síbi ìdíje ètò òwò tó wáyé ní MIT lọ́dún 1998. Wọ́n dé àṣekágbá, wọn ò gba ẹ̀bùn. Lóṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Akamai, ọ̀rọ̀ àwọn ará Hawaii tó túmọ̀ sí ọlọ́gbọ́n. Ẹni tó ń ka ojú òpó kì í san kọ́bọ̀ fún wọn. Ẹni tó ni ojú òpó ló ń sanwó, torí òun ni oníbàárà ń sá mọ́ lọ́wọ́.

Lóṣù kẹwàá ọdún 1999, wọ́n gbé ìpín ìdókòwò wọn sọ́jà ní dọ́là 26. Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti di dọ́là 145. Kò pẹ́ tí ọjà àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fi dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà Akamai kógbá sílé, wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró, nígbà tó sì fi di ọdún 2002, ìpín tó ti kọjá dọ́là 300 rí kò tó dọ́là kan mọ́.

Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Lewin, ẹni ọdún 31, wà nínú ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ táwọn agbésùnmọ̀mí fi kọ lu World Trade Center ní New York. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, èrò ya bo ojú òpó àwọn oníròyìn. Bí ọ̀fọ̀ ṣe ṣẹ àwọn òṣìṣẹ́ Akamai náà ni wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ, kí ìròyìn má baà dákú.

Leighton ì bá padà sídìí pátákó ìkọ̀wé rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró gẹ́gẹ́ bí olórí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀, ó jẹ́ káwọn tó mọ òwò máa darí ilé iṣẹ́, ọdún 2004 sì ni ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n jèrè. Ó di January 2013 kóun fúnra rẹ̀ tó di ọ̀gá àgbà. Lọ́dún 2017, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti ti Lewin pọ̀ mọ́ tàwọn tó dá ohun tuntun sílẹ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí ìṣirò tí wọ́n jọ ṣe.