Wolé-wolé, Ọkọ̀ Ìgbẹ́ àti Òkúta Jos

Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní sókàwéè nínú àgbàlá ilé jẹ́ ohun méjì tí a so pọ̀ sábẹ́ ilẹ̀: èkíní ni táńkì tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ, níbi tí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń rọ̀ sísàlẹ̀, tí ọ̀rá ń léfòó, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kò nílò afẹ́fẹ́ sì ń jẹ ẹ̀gbin náà díẹ̀díẹ̀, èkejì ni kòtò tí omi tó bá ṣẹ́kù ń gbà rin wọ inú ilẹ̀. Kòtò kejì yìí ló ni orúkọ náà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀hún ti gba gbogbo rẹ̀ kan. Ará Faransé kan, Jean-Louis Mouras, ló kọ́kọ́ kọ́ irú táńkì bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1860, Donald Cameron sì ṣe tirẹ̀ ní ìlú Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1895.

Bí ìdílé ẹni mẹ́fà bá ń lo táńkì 3,000 lítà, tí a sì gbà pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bí 40 lítà gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ kún un lọ́dún, ìdá kan nínú mẹ́ta táńkì náà yóò ti di gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́rin, ìgbà náà ló sì yẹ kí wọ́n pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́. Ní Jos, ìṣirò yìí lè má bára mu, nítorí pé orí òkúta ni ìlú tí iṣẹ́ kùsà sọ di ńlá yìí wà. Níbi tí òkúta bá ti sún mọ́ ojú ilẹ̀, omi kì í rí ibi rìn sí. Bí òjò oṣù Keje àti Kẹjọ bá tún dé, kòtò yóò kún, táńkì yóò kún, onílé yóò sì máa sanwó fún ọkọ̀ kí ó lè wá gbé ohun tó jẹ́ pé omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, àríyànjiyàn á tún bẹ̀rẹ̀ lórí bóyá iye yàrá ni kí wọ́n fi pín owó náà ni, tàbí iye orí.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀n táńkì ọkọ̀, owó epo dísẹ́ẹ̀lì àti jíjìnnà ibi tí wọ́n máa dà á sí, gíga ìlú Jos pàápàá ń dá sí iye owó tí ọkọ̀ ń gbà. Ẹ̀rọ tó wà lára ọkọ̀ kì í fa ẹ̀gbin ní ti gidi. Ńṣe ló ń lé afẹ́fẹ́ jáde nínú táńkì ọkọ̀, tí afẹ́fẹ́ òde sì ń ti ẹ̀gbin gòkè gba inú rọ́bà. Ní etí òkun bí Èkó, afẹ́fẹ́ lè ti omi lásán gòkè tó nǹkan bí 10 mítà. Ní Jos, tó fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ fúyẹ́ débi pé kò lè tì í ju nǹkan bí 9 mítà lọ, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó ki kò sì lè dé ibẹ̀ rárá. Ilé tó bá wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ọkọ̀ kò lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò nílò rọ́bà tó gùn àti àkókò tó pọ̀, kò sì yani lẹ́nu bí wọ́n bá bu owó tó ju ti aládùúgbò lé e.

Ní ti òfin, àfikún kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 ka ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àjọ JMDB ń bojú tó ètò ìkọ́lé nínú ìlú Jos, àjọ PEPSA sì ń rí sí àyíká àti ìmọ́tótó ní ìpínlẹ̀ Plateau tí ìlú náà wà. Òṣìṣẹ́ tí aráàlú mọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ṣì ni wolé-wolé, tí àwọn Hausa ń pè ní duba-gari, ẹni tó ti wà láti ayé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí òfin ọdún 2002 sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń forúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó lè wo bóyá táńkì ń ṣàn síta, ó sì lè béèrè bóyá kànga jìnnà tó 30 mítà, ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń lò; nínú àgbàlá tó há, ìwọ̀n yẹn ṣòro láti rí, bẹ́ẹ̀ sì ni òkúta tó ní ihò lè gbé ẹ̀gbin jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n àgbàlá ni ojú wolé-wolé mọ, ẹ̀yìn tí ọkọ̀ bá sì ti jáde ní géètì ni ọ̀rọ̀ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: ibo ni yóò da ìgbẹ́ náà sí? Abuja ní ilé ìtọ́jú omi ẹ̀gbin ní Wupa. Èkó dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní 2010 fún ọ̀rọ̀ omi ẹ̀gbin nìkan, síbẹ̀ ọ̀sà tó wà ní Ìddó ti gba ìgbẹ́ ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Jos, odò Delimi ń gba àárín ìlú kọjá, àwọn àgbẹ̀ Farin Gada sì ń fa omi rẹ̀ sí ọgbà ẹ̀fọ́ àti tòmátì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn náà odò náà ń wọ ìpínlẹ̀ Bauchi, níbi tó ti ń di Bunga, kó tó di Jama'are tó ń kọrí sí ìhà Adágún Chad. Ohun tí ọkọ̀ kan bá sì dà sí etí omi náà ní Jos, ìjọba ìbílẹ̀ tí òfin gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ kò lè lé e bá mọ́ bó bá ti kọjá ààlà rẹ̀.