Matikor: Orin Àwọn Obìnrin Oko Ìrèké

Ọba kì í pa òkorin. Nítorí èyí ni ìyàwó ilé ṣe máa ń fi orin gbé ohun tí kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu lásán sọ sí ìyá ọkọ rẹ̀ jáde nídìí odó. Àwọn obìnrin Íńdíà tí wọ́n kó lọ sí oko ìrèké ní erékùṣù Trinidad náà ní irú àṣà yìí. Matikor ni wọ́n ń pè é.

Ní ọdún 1845, lẹ́yìn tí àwọn ẹrú ti gba òmìnira, ni ọkọ̀ Fatel Razack kó àwọn àkọ́kọ́ dé. Kí ó tó di 1917 tí ètò náà dáwọ́ dúró, àwọn tí wọ́n kó wá ti lé ní 140,000. Obìnrin kò pọ̀ tó ọkùnrin nínú wọn. Opó wà níbẹ̀, ẹni tí ó sá fún ọkọ sì wà níbẹ̀. Owó iṣẹ́ wọn kò tó ti ọkùnrin, ẹni tí ó bá sì jáde lóko láìgba ìwé àṣẹ lè ṣẹ̀wọ̀n.

Ní òru ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú ìgbéyàwó, àwọn obìnrin a lu ìlù lọ sí ẹ̀bá omi, wọn a bu erùpẹ̀ tí a ó lò níbi ayẹyẹ náà. Ọkùnrin kì í bá wọn débẹ̀, àfi onílù bí ó bá di dandan. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà tí kì í ṣí ìborùn lójú ọkùnrin yóò ti máa jó ijó ìdí, tí yóò máa kọrin ohun tí ọkọ lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe lórí ẹní. Wọn a bú ẹbí ọkọ ìyàwó láìfi bò. (Ẹni tí ó bá mọ orin Òkè'Bàdàn kò ní bi wá léèrè irú orin tí à ń wí.)

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ lásán ni èyí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ọkọ tí ó fi àdá ṣá ìyàwó rẹ̀ pa kò ṣọ̀wọ́n nínú oko. Obìnrin tí ọ̀gá oko ń pàṣẹ fún lọ́sàn-án, tí ọkọ ń pàṣẹ fún lóru, níbo ni yóò ti sọ pé òun ni ó ni ara òun?

Ní ọdún 1987, Drupatee Ramgoonai gbé irú orin yìí jáde sí gbangba, ó sì pè é ní chutney soca. Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù bínú, wọ́n ní ó dójú ti àwọn obìnrin Íńdíà. Kì í kúkú ṣe orin ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn ọkùnrin ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Ní 1988, obìnrin yìí tún kọ òmíràn nípa onílù tassa kan, orin náà sì gba ìgboro.