Àwòrán Òkè, Igi àti Odò
Ọdọọdún ni Ìbàdàn ń bọ Òkè'Bàdàn. Síbẹ̀ ère ènìyàn àti ti ẹranko ni àwọn agbẹ́gilére Yorùbá fi gba òkìkí, kì í ṣe àwòrán òkè. Aina Onabolu pàápàá, tí ó ya Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, àwòrán ènìyàn ni a fi mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́dọ̀ Òyìnbó. Ní 1667, Félibien ará Faransé fi àwòrán igi àti odò sí ipò ìsàlẹ̀. Ní 1821, John Constable gbé àwòrán kẹ̀kẹ́ ẹrù kan láàárín odò jáde ní Lọ́ńdọ́nù; kò rí ẹni rà á. Ní 1824, Páríìsì fi àmì ẹ̀yẹ wúrà dá a lọ́lá nítorí rẹ̀.

Bí ayàwòrán kan bá dúró ní Òkè Padre, tí ó ya òrùlé páànù tí ó ti dógùn-ún sórí pátákó kékeré, ó yẹ kí a gbé e kọ́ ògiri. Àwọn ilé wọ̀nyí ń wó, òmíràn sì ń rọ́pò wọn.