Oníbodè Tí A Dí Lẹ́nu: Ìbẹ̀rẹ̀ Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró

Bouaké, tí ọkọ̀ ojú irin Àbíjàn dé ní ọdún 1912, tí ó sì di oríta ọjà láàárín gúúsù àti àríwá Côte d'Ivoire, jẹ́ ìlú tí àwọn Yorùbá tí ará ibẹ̀ ń pè ní Anagó, àti àwọn ọmọ Èjìgbò, ọmọ Ògìyán, láàárín wọn, ti ń ná ọjà láti ayé àwọn bàbá wọn. Ìlú owú ni, ìlú sìgá sì ni pẹ̀lú, nítorí níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ SITAB ti ṣe sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó yẹ kí ará irú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí èéfín tábà ń ṣe nínú àyà kí ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni DNA wà, okùn gígùn tí a kọ àṣẹ ara sí. Ọ̀kan nínú àṣẹ wọ̀nyí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní p16, ni oníbodè: òun ní í sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé ó tó gẹ́ẹ́, má bí sí i mọ́. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé, nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, a kò pa oníbodè yìí, a kò sì lé e kúrò ní bodè. Ẹnu rẹ̀ ni a dí. Èròjà bíńtín kan tí ń jẹ́ méthyl, káábọ̀nù kan péré pẹ̀lú háídírójìn mẹ́ta, ni ó lẹ̀ mọ́ ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka àṣẹ náà, bí èdìdì lára ìwé: ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pé pérépéré, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè kà á. Ara tí ó le pàápàá a máa lo èdìdì yìí fún àṣẹ tí kò bá nílò. Ìgbà tí ó bá ṣì í lò, bí èéfín tábà ṣe lè mú un ṣe, ni ewu dé.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ní ọdún 1998, Steven Belinsky ti Albuquerque ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé èdìdì yìí ti máa ń wà lára p16 kí sẹ́ẹ̀lì tó di jẹjẹrẹ. Nígbà tí ó di ọdún 2000, wọ́n rí i nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn aláìsàn kan, ó tó ọdún mẹ́ta nígbà mìíràn kí dókítà tó rí àrùn náà. Síbẹ̀, a ń rí i lára amusìgá tí kò ní jẹjẹrẹ, nítorí náà òun nìkan kò tó fi dájọ́.

Láti ọdún 2012 ni ìjọba Côte d'Ivoire ti ka sìgá mímu léèwọ̀ níbi tí èrò ń pé sí. Ẹ̀yin ará wa ní Bouaké, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú sìgá. Bí ikọ́ bá sì kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, ẹ má ṣe jókòó ti àgbo, ẹ lọ sí CHU, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì.