Bí Fáìlì Sípù Bá Bàjẹ́, Kí Ni A Lè Rí Yọ Nínú Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ wa lónìí kì í ṣe ti lítíréṣọ̀ bí ó ti máa ń rí, ṣùgbọ́n lítíréṣọ̀ náà ló gbé wa dé ìdí ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Nínú ìsinmi kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Ohùn wọn àti àdàkọ rẹ̀ jẹ́ fáìlì 31. A di gbogbo rẹ̀ sínú sípù kan ṣoṣo, a sì ń dà á kọ sórí fíláàṣì. Kí ó tó dà á kọ tán, iná lọ. Kọ̀ǹpútà tí ojúlówó wà nínú rẹ̀ kò sì tàn mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí a ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà mìíràn, ohun tí ó kọ sójú ni pé fáìlì ti bàjẹ́, kò ṣeé ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ti dolóògbé.

Kí a tó mọ ohun tí a lè rí gbà là, ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe ń fún fáìlì pọ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣe àdàkọ orin rí mọ̀ pé a kì í kọ ègbè léraléra. A ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá tún dé, a ó kàn kọ “Ègbè” síbẹ̀, òǹkàwé yóò sì padà sókè lọ wò ó. Irú ọgbọ́n tí Abraham Lempel àti Jacob Ziv gbé jáde ní 1977 nìyẹn. Ohun tí ó bá ti jáde ṣáájú, kọ̀ǹpútà kò ní tún un kọ. Yóò sọ pé: padà sẹ́yìn ní 60, kó 12 níbẹ̀. Nínú DEFLATE, ọ̀nà tí sípù ń lò jù, ó lè padà sẹ́yìn tó báìtì 32,768. Ọgbọ́n kejì, ti David Huffman ní 1952, ni pé ohun tí ó ń jáde lemọ́lemọ́ ń gba àmì kúkúrú, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ń gba àmì gígùn, a sì ń to gbogbo wọn láìfi àlàfo sílẹ̀.

Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí ikán bá jẹ ègbè àkọ́kọ́, gbogbo ibi tí a kọ “Ègbè” sí nísàlẹ̀ ti di òfo. Bí bíìtì kan ṣoṣo bá sì yí padà, ẹ̀rọ lè ṣi ibi tí àmì kan parí sí, kí ó máa ka ìsọkúsọ láti ibẹ̀ lọ.

Ohun tí ó kó wa yọ ni bí Phil Katz, ará Amẹ́ríkà, ṣe to sípù nígbà tí ó gbé PKZIP jáde ní 1989. Kò po ẹrù pọ̀. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ni a fún pọ̀ lọ́tọ̀, ó sì ní orí tirẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wọn, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ni àkójọ orúkọ wọn wà, bí ìwé tí a tẹ àkóónú rẹ̀ sí ojú ewé ìkẹyìn. Àkójọ yìí ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń wá. Bí ìdàkọ bá já láàárín, òun ni kò ní sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ á ní fáìlì ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹrù ṣì wà nínú àpò! Ẹ̀rọ àtúnṣe ní tirẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń wá lẹ́tà P àti K (ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Katz fúnra rẹ̀) tí báìtì 3 àti 4 tẹ̀ lé. Ibi tí ó bá ti rí i, orí fáìlì kan nìyẹn.

A kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà sípù náà, ẹ̀dà yìí ni a sì fọwọ́ kàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe àtúnṣe lára ojúlówó láé, ẹ má sì kọ ohunkóhun mọ́ sórí fíláàṣì tí ó ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà a tẹ àṣẹ yìí lórí Linux:

zip -FF ekun.zip --out ekun2.zip

F kan ṣoṣo wà fún ìgbà tí àkójọ ìsàlẹ̀ bá ṣì dára díẹ̀. FF ni ó ń wá orí láti òkè. Fáìlì 23 jáde lódindi. Méje kò tilẹ̀ dé orí fíláàṣì rárá, a kò lè wá ohun tí kò sí. Ọ̀kan yòókù, èyí tí ìdàkọ já sí láàárín, ohùn ìyá tí ó dolóògbé ni.

Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìṣirò kan tí a ń pè ní CRC-32. Ó dà bí ìgbà tí alájàpá ka ọsàn rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra: bí ó bá tún un kà lọ́jà, yóò mọ̀ pé kò pé, kò ní mọ ibi tí ó ti já sílẹ̀. Bí nọ́ńbà yìí kò bá bára mu, ẹ̀rọ mìíràn á pa ohun tí ó ti yọ rẹ́, bóyá lẹ́tà kan péré ló ṣì. Ẹ má gbà fún un. Nínú WinRAR, àyè kan wà tí a lè mú kí ó lè fi fáìlì tí ó bàjẹ́ sílẹ̀. Bí a ṣe rí ohùn ìyá náà yọ nìyẹn. Nítorí pé MP3 jẹ́ ègé kéékèèké tí a tò léra, ó ń dún títí dé ibi tí ó já sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ àpilẹ̀kọ, ó kàn yín. Fáìlì .docx tí Word ń lò láti 2007, sípù ni. Bí Word bá kọ̀ láti ṣí i, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ yí ìparí orúkọ ẹ̀dà náà sí .zip, kí ẹ sì ṣe é bí a ti wí. Inú word/document.xml ni ọ̀rọ̀ yín wà.

Ti .tar.gz le ju èyí lọ, nítorí pé ẹ̀ka kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀: ibi tí ó bá ti bàjẹ́, ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣòroó gbà. Bzip2 sàn díẹ̀, ó ń gé ẹrù sí ìdì tí kò ju 900,000 báìtì lọ, bzip2recover sì lè yọ ìdì tí ó bá yè. Ní ti PAR2, àfikún tí a fi ń tún fáìlì ṣe ni, ṣùgbọ́n kí nǹkan tó bàjẹ́ ni a ti ń ṣe é. Àwa kò ṣe é.

Ẹkún ìyá náà dúró ní ìṣẹ́jú kẹrin, nígbà tí ó ń dágbére fún bàbá rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní òun rántí púpọ̀ nínú èyí tí ó kù. A ó padà lọ bá wọn nínú ìsinmi tí ń bọ̀, fíláàṣì méjì ni a ó sì mú dání.